Ilé Là Ń Wò: Lórí Orúkọ àti Ìpààrọ̀ Aṣèṣirò nínú Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀

1. Ìfáárà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ mu, ó sì bá iṣẹ́ ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe mu. Ẹni tí yóò pààrọ̀ ẹ̀yà kan nínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀yà náà yóò jókòó sí. Ẹni tí yóò sọ ẹ̀yà náà lórúkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí orúkọ bá ṣi ni lọ́nà, owó lè bá a lọ.

Láti Kétu dé Ìkòsí àti Máìlì 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí a ti ń tẹ ìwé, tí a ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé, tí a sì ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kò ṣọ̀wọ́n. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí a ń lò níbẹ̀ ni ó jẹ́ tòkunbọ̀, tí àwọn ará òkè òkun ti lò kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí kọ̀ǹténà 500 ni ó ń wọ Èkó lóṣooṣù nígbà náà, àti pé púpọ̀ nínú ohun tí ó wà nínú wọn kò ṣeé tún ṣe, kò sì ṣeé tà.

Nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ń falẹ̀, ìbéèrè oníbàárà kì í ju ọ̀kan lọ: “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá bá mi pààrọ̀ ọpọlọ rẹ̀, ṣé kò ní yá sí i?” Àṣìṣe kan fara pamọ́ sínú ìbéèrè yìí, inú ọ̀rọ̀ náà, “ọpọlọ”, ni ó sì wà.

2. Kí ni ó kù díẹ̀ káàtó nínú “ọpọlọ”?

Lójú Yorùbá, ọpọlọ ni ibùjókòó èrò, òun náà ni ibùjókòó ìrántí. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé a máa ronú já gaara, kì í sì í tètè gbàgbé. Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́ pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà òun ti gbó yóò gbà pé tuntun yóò wo gbogbo àìsàn ẹ̀rọ náà sàn. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a pín iṣẹ́ yìí sí.

Èkíní ni ègé kékeré tí ń ṣe ìṣirò, tí ń fi iye kan wé òmíràn, tí ó sì ń tẹ̀ lé àṣẹ ní ẹsẹẹsẹ. Òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní prósẹ́sọ̀. Orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ni aṣèṣirò: a + ṣe + ìṣirò, tí ìpajẹ rẹ̀ rí bí ti “òṣèlú”. Ìtàn pàápàá gbe orúkọ yìí lẹ́yìn. Intel 4004, tí ó jáde ní ọdún 1971, ni aṣèṣirò alégékan àkọ́kọ́ tí a gbé sọ́jà. Ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì ti iléeṣẹ́ Busicom ní Jàpáànù ni a sì kọ́kọ́ ṣe é fún.

Èkejì ni ibi tí a ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni sí lójú ẹsẹ̀. Àtẹ ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́, nítorí pé bí iná bá lọ, ohun gbogbo tí ó wà lórí rẹ̀ yóò pòórá, bí ọjà ti í kúrò lórí àtẹ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ̀kẹta ni ibi ìpamọ́ tí kì í nílò iná kí ó tó rántí. Àká ni èyí. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ àtẹ sí àká ní ọjà kò ní ṣi wọ́n mú nínú kọ̀ǹpútà.

3. Àpẹẹrẹ láti ọjà Máìlì 12

Kò sí ará Kòsọ́fẹ́ tí kò mọ bí tòmátì àti ata ṣe ń wọ ọjà Máìlì 12. Ọkọ̀ ẹrù a kó wọn dé láti òkè Ọya, alábàárù a rù wọ́n, a gbé wọn dé orí àtẹ. Bí ọjà bá ń falẹ̀, olówò lè gba alábàárù tí ó lágbára ju ti àná lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ó dá ọkọ̀ ẹrù dúró lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ìdúró ni alábàárù tuntun yóò dúró. Bí ó bá sì jẹ́ pé àtẹ ni ó kéré, yóò gbé ẹrù dé, kò ní rí ibi sọ ọ́ sí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni aṣèṣirò. Bí kọ̀ǹpútà bá ń pẹ́ kí ó tó jí, tí ìwé sì ń pẹ́ kí ó tó ṣí, àká ni kí a kọ́kọ́ fura sí, pàápàá bí ó bá jẹ́ irú ti àtijọ́ tí àwo rẹ̀ ń yí. Bí a bá fi èyí tí kò ní ohun tí ń yí rọ́pò rẹ̀, ìyípadà náà yóò hàn kedere. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí a ṣí ohun púpọ̀ pọ̀ ni ẹ̀rọ ń falẹ̀, kí a mú àtẹ gbòòrò. Bí ó bá jẹ́ aṣèṣirò ni ọwọ́ rẹ̀ ń kún ṣáá nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, bí i ti ẹni tí ń to fídíò pọ̀, nígbà náà ni ìpààrọ̀ rẹ̀ tó lérè.

4. Ìtẹ́ àti ohun tí ń jókòó sí i

Ojú ibi tí aṣèṣirò ń jókòó sí lórí pátákó ẹ̀rọ ni a lè pè ní ìtẹ́. Iye ojú-ìfarakàn rẹ̀ ni Intel sábà fi ń dárúkọ rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni ìtẹ́ 1155 ti ọdún 2011. Aṣèṣirò Core i3-2100 jókòó sí i. Ìlù rẹ̀ ń lù ní ìgbà bílíọ̀nù 3.1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọwọ́ iṣẹ́ méjì ni ó sì ní. Core i5-2400 náà jókòó sí i. Ìpìlẹ̀ ìlù rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 3.1 bákan náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mẹ́rin ni ó ní. Ẹni tí ó béèrè ìlù nìkan yóò rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ooru náà yàtọ̀: wáàtì 65 ni a ṣírò fún ti àkọ́kọ́, 95 fún èkejì. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ wò ó bóyá afà-ooru àti fáànù àtijọ́ yóò lè gbà á.

Ìtẹ́ tí ó ṣe rẹ́gí nìkan kò tó. Àwọn aṣèṣirò kan tí ó jáde ní 2012 bá ìtẹ́ 1155 mu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ pátákó ti 2011 kò dá wọn mọ̀ àfi bí a bá kọ́kọ́ sọ ètò-ìtají wọn dọ̀tun, ìyẹn ètò tí ń jí ẹ̀rọ. Ní 2015, ìtẹ́ 1151 jáde. Ní 2017, Intel gbé aṣèṣirò ìran kẹjọ jáde fún ìtẹ́ tí ń jẹ́ 1151 bákan náà, síbẹ̀ Intel kò ṣe é fún pátákó ti 2015. Orúkọ bára mu, ìwà kò bára mu. Ti AMD yàtọ̀: lórí ìtẹ́ AM4, ọ̀pọ̀ pátákó ti 2017 gba aṣèṣirò ti 2022 lẹ́yìn tí a sọ ètò-ìtají wọn dọ̀tun. Pátákó ni kí a bi léèrè, kì í ṣe ìtẹ́ nìkan.

5. Bí a ti ń ṣe é

Kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun tí ó wà nínú àká. Kí a yọ okùn iná, kí a tẹ bọ́tìnì ìtanná kí ìyókù iná lè tán, kí a sì fọwọ́ kan irin tí a kò kùn nínú àpótí ẹ̀rọ kí iná ara ẹni má bàa ba ègé náà jẹ́. Ìgbà ọyẹ́ ni èyí ṣe pàtàkì jù. Lẹ́yìn èyí ni a ó tú afà-ooru, tí a ó gbé ọ̀pá ìtẹ́ sókè. Etí ni a ń di aṣèṣirò mú. Nínú ìtẹ́ Intel tí a mẹ́nu bà wọ̀nyí, orí pátákó ni ẹ̀gún wẹ́wẹ́ wà. Bí ọ̀kan bá wọ́, pátákó lè bàjẹ́. Kí a jẹ́ kí àmì etí ègé bá ti ìtẹ́ mu, kí a gbé e lé e láìtẹ̀ ẹ́, kí a sì dé e. Kí a nu ìpara àtijọ́ kúrò, kí a fi tuntun tí kò ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ sí i, kí a wá dá afà-ooru àti okùn fáànù padà.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ohun kan wà tí ìpààrọ̀ yìí kò lè ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn gbogbogbò fún Windows 10. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀, bí a bá yọ díẹ̀ sílẹ̀, láti ìran kẹjọ ti Intel ni ó ti ń gbà. Kò sí aṣèṣirò kankan tí ó bá ìtẹ́ 1155 mu tí ó wà nínú àkójọ rẹ̀. Olówò ní Kétu tí ó bá torí èyí ra “ọpọlọ” tuntun fún ẹ̀rọ 2011 ti sọ owó sómi. Ì bá fi Linux sí i, tàbí kí ó tọ́jú owó náà de ẹ̀rọ mìíràn.

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù ni pé kí ọ̀rọ̀ tí a ń dá dé ẹnu oníṣẹ́ àti oníbàárà. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ ní aṣèṣirò, àtẹ, àká àti ìtẹ́, ọmọ náà yóò mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi oníṣẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, èwo nínú wọn ni ó ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn?” Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n béèrè báyìí ti wo ilé kí ó tó ná owó.