Àyẹ̀wò DXA fún Egungun àti Ara

Àyẹ̀wò DXA ni àyẹ̀wò tí a fi ń mọ bí egungun ṣe ki tó, àti ìwọ̀n ọ̀rá àti ẹran tí ó wà nínú ara. Ọdún 1987 ni ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́kọ́ dé ọjà. Ìtànṣán X-ray oríṣi méjì, tí agbára wọn yàtọ̀ síra, ni ẹ̀rọ náà ń rán gba inú ara kọjá. Egungun, ọ̀rá àti ẹran kì í dá ìtànṣán wọ̀nyí dúró bákan náà. Láti ara ìyàtọ̀ yìí ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ kò le. A kì í lo oògùn kálísíọ̀mù ní wákàtí 24 tí ó ṣáájú àyẹ̀wò. Obìnrin tí ó lóyún, tàbí tí ó rò pé òun lóyún, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. A ń bọ́ bẹ́líìtì, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí àti tírà tí ó ní irin, nítorí pé ẹ̀rọ lè kà wọ́n mọ́ egungun.

Ẹni tí à ń yẹ̀ wò yóò dùbúlẹ̀ gbalaja lórí tábìlì, apá ẹ̀rọ yóò sì máa kọjá lókè rẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sì sí ìrora; kí ó ṣáà má mira. Ìbàdí àti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ni a sábà ń yẹ̀ wò fún egungun, gbogbo ara sì ni fún ọ̀rá àti ẹran. Ìṣẹ́jú 10 sí 20 ni ó sábà ń gbà. Ìtànṣán rẹ̀ kéré sí ti àwòrán àyà.

Èsì egungun máa ń jẹ́ iye tí à ń pè ní T-score. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní ọdún 1994, −1 sókè dára, −2.5 sísàlẹ̀ jẹ́ àmì osteoporosis, àrùn tí ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Fún obìnrin tí ó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù àti ọkùnrin tí kò tí ì pé ẹni ọdún 50, Z-score, tí ó ń fi ènìyàn wé ẹgbẹ́ rẹ̀, ni a ń lò.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ ka èsì yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ẹni ọdún 20 sí 29 ní Amẹ́ríkà ni a fi ṣe òṣùwọ̀n T-score ti ìbàdí. Òṣùwọ̀n kan náà ni a lè fi wọn ìyá àgbà kan ní Sabon Zongo, àdúgbò tí àwọn Hausa tẹ̀ dó sí ìlú Accra ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 1996 lórí àwọn obìnrin ìgbèríko Gambia fi hàn pé èròjà egungun wọn kéré, síbẹ̀ egungun kì í sábà ṣẹ́ láàárín àwọn àgbàlagbà wọn. Nítorí náà, iye kan ṣoṣo kò tó ṣe ìdájọ́. Dókítà a máa gbé ọjọ́ orí, ìṣubú, egungun tí ó ti ṣẹ́ rí àti ìtàn ìdílé yẹ̀ wò pẹ̀lú rẹ̀. Bí àyẹ̀wò kejì bá sì yẹ, ẹ̀rọ kan náà ni ó dára kí a lò, kí ìyàtọ̀ inú èsì lè jẹ́ ti ara, kí ó má jẹ́ ti ẹ̀rọ.