Ọdẹ Ẹja Túnà Lókè Òkun: Ta Ni Yóò Jẹ Ẹja Náà?

 

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìyàwó ilé tí ó bá ń gbé ní Ekenwan Road ní Ìlú Bìní kò ní ṣàì mọ ẹja yìnyín. Títúsì, tí àwọn àgbà Èkó ń pè ní òkú Èkó, kótè, páńlá àti ṣáwà ni ó ń rà ní páálí tàbí ní kílò. Túnà kò wọ́pọ̀ láàrin wọn. Inú agolo ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n, ègé kéékèèké tí ó rì sínú òróró. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń ya ènìyàn lẹ́nu láti gbọ́ pé ẹja inú agolo yẹn ní ìbátan tí ó wúwo ju màlúù tí à ń rà fún Iléyá lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1979, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ken Fraser fi ìwọ̀ fa túnà kan jáde nínú omi Nova Scotia ní ilẹ̀ Kánádà, kílò 679 ni ó wọ̀n.

Irú ìròyìn báyìí a máa ta àwọn ọkùnrin jí. Ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin wa tí ó ń gbé ní àdúgbò náà tọ alfa lọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ní: “Alfa, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo ti lọ sí Mẹ́kà, n kò sì jẹ gbèsè. Ọmọ mi ọkùnrin ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọgbà Ekehuan. Mo fẹ́ kí àwa méjèèjì lọ lo ìsinmi lókè òkun, kí a pa ẹja túnà ńlá. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀ ni?” Alfa rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: “Alhaji, ta ni yóò jẹ ẹja náà?” Alhaji kò rí èsì fọ̀. Ó ti wo iye owó bàálù, ó ti wo fọ́tò ilé ìtura, ṣùgbọ́n kò ronú dé ibẹ̀ rárá.

Ní tòótọ́, ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí ó ṣíwájú gbogbo ètò yòókù. Pé ẹja òkun jẹ́ ẹ̀tọ́, èyí kò ní àríyànjiyàn. Súúrà Al-Mọ́ídà, áyà 96, ṣe ọdẹ inú omi ní ẹ̀tọ́ fún onílé àti arìnrìn-àjò, kódà fún ẹni tí ó ti wọ aṣọ hárámì, tí ọdẹ orí ilẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ fún. Súúrà An-Náhl, áyà 14, ka ẹran tútù inú òkun mọ́ ìdẹ̀ra tí Ọlọ́hun ṣe fún wa. Hádíìsì tí Imam Malik kó sínú Muwatta sì fi hàn pé nígbà tí àwọn tí ń wọ òkun bi Ànábì (S.A.W.) léèrè nípa fífi omi rẹ̀ ṣe àlùwàlá, ó gbà wọ́n láyè, ó sì la ọ̀nà ẹran inú omi náà fún wọn bí ó tilẹ̀ kú láìdúńbú.

Ṣùgbọ́n Risala tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani kọ, èyí tí àwọn ọmọ kéwú ilẹ̀ wa ń kà títí di òní, ya ọdẹ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí a ṣe fún eré lásán jẹ́ makrúù, èyí tí kì í ṣe fún eré kò ní àbùkù. Mukhtasar ti Khalil tilẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé orí ìrun. Arìnrìn-àjò tí ìrìn rẹ̀ tó máìlì 48 ní àyè láti dín ìrun rákà mẹ́rin kù sí méjì, ṣùgbọ́n ìwé náà yọ ẹni tí ó rin ìrìn eré lásán kúrò nínú àwọn tí a ṣe é ní sunna fún. Ẹ wo bí àníyàn ọkàn ènìyàn nípa ẹja ṣe lè wọ inú iye rákà rẹ̀. Kì í ṣe pé ìsinmi burú. Bàbá tí ó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan kí ọmọ náà tó bọ́ sínú làálàá ayé ń ṣe ohun rere. Ṣùgbọ́n ẹja kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ó ní ẹ̀mí.

Èyí ni ó mú mi sọ̀rọ̀ nípa àṣà kan tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn apẹja onídárayá: wọn a fa ẹja títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì tú u sílẹ̀. Wọ́n ní àánú ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹja kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí Ọlọ́hun ṣe dá túnà. Kò lè dúró jẹ́ẹ́ nínú omi. Ó gbọ́dọ̀ máa lúwẹ̀ẹ́ tọ̀sán-tòru, kí omi máa gba ẹnu rẹ̀ kọjá síbi tí ó fi ń mí. Ara rẹ̀ a máa gbóná ju omi tí ó yí i ká lọ, bí ó bá sì jà pẹ́ lórí ìwọ̀, ooru náà á pọ̀ sí i, agbára rẹ̀ á tán. Ẹja tí a tú sílẹ̀ ní irú ipò bẹ́ẹ̀ lè lọ kú nísàlẹ̀ níbi tí fọ́tò kò dé. Ní tèmi o, ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ túnà, tí kò sì fẹ́ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, kò yẹ kí ó fi ìwọ̀ kan án lẹ́nu.

Nígbà tí a bá ti mọ̀ pé jíjẹ ni a fẹ́ jẹ ẹ́, ibi tí a ó lọ ni ó kàn. Àwọn kan yóò sọ pé kí ni a ń wá lọ sókè òkun nígbà tí Ekenwan Road fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà òkun láti ayébáyé. Òótọ́ ni. Ọ̀nà ibẹ̀ ni à ń tọ̀ dé ìhà Ughoton àti Gelegele. Ughoton ni èbúté Ìlú Bìní láyé àtijọ́. Àwọn Potogí ti ń bá ibẹ̀ ṣòwò láti àwọn ọdún 1480, lẹ́yìn tí João Afonso de Aveiro dé ààfin Ọba Bìní, olórí Ughoton sì ni Ọba rán gẹ́gẹ́ bí aṣojú lọ sí ilẹ̀ Potogí. Ọmọ Bìní ti mọ òkè òkun kí ọ̀pọ̀ ìlú tó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n omi tí ó wà níwájú Ughoton kì í ṣe omi túnà. Odò àti ẹrẹ̀ ẹ̀gbà ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ là kọjá. Bí ó bá sì jáde sí òkun, omi tí kò jìn ni yóò máa bá lọ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ilẹ̀ abẹ́ òkun wa, tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí kìlómítà 15 lọ ní apá ìwọ̀-oòrùn, a máa fẹ̀ sí i bí a ṣe ń lọ sí ìhà Kàlàbá, títí yóò fi kọjá 80. Omi jíjìn, omi aláró, ni túnà ńlá ń gbé. Ọ̀ràn ààbò tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 2020, International Maritime Bureau, tí ń tọ́pa àwọn olè orí omi, ka òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 135 tí a jí gbé lórí òkun jákèjádò ayé. Àádóje nínú wọn, ìyẹn 130, ni a jí gbé ní etí òkun wa yìí, Gulf of Guinea. Ìjínigbé náà ti dín kù gan-an láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n n kò lè gba bàbá kankan ní ìmọ̀ràn pé kí ó gbé ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré lọ sí ẹnu odò Bìní nítorí eré ìdárayá.

Ohun tí ó dùn mọ́ni ni pé omi tiwa yìí náà ni ilé ìbímọ wọn. Túnà tí lẹbẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí àwọn òyìnbó ń pè ní yellowfin, a máa wá yé ẹyin sí Gulf of Guinea láti nǹkan bí oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn ti ń tàn ká gbogbo òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn kan tí a so àmì mọ́ lára ní etíkun Amẹ́ríkà ni a tún pa ní ìhà ọ̀dọ̀ wa.

Ní àyíká wa, àwọn erékùṣù Cape Verde ni mo fara mọ́ jù lọ. Òkè oníná tí ó yọ láti ìsàlẹ̀ òkun ni àwọn erékùṣù náà, nítorí náà omi jíjìn kò jìnnà sí etíkun. Àwọn ọkọ̀ apẹja onídárayá wà ní Mindelo ní erékùṣù São Vicente, bẹ́ẹ̀ ni àwọn apẹja ìbílẹ̀ ń já túnà sórí afárá onípákó ní Santa Maria ní erékùṣù Sal, tí wọ́n ń kun ún lójú gbogbo ènìyàn. Ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS ni Cape Verde, nítorí náà ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà fún 90 ọjọ́. Ìwé ìrìnnà, káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, ẹ̀rí ibi tí ẹ ó dé sí àti owó tí ẹ ó ná kò gbọdọ̀ wọ́n lọ́wọ́ yín. Èdè Potogí àti Kríólì ni wọ́n ń sọ. Àwọn mùsùlùmí kò pọ̀ níbẹ̀, àwọn tí ó ṣí wá láti Sẹ̀nẹ̀gà, Gínì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì wọ́pọ̀ lórí tábìlì ibẹ̀. Ẹ sọ fún ọlọ́kọ̀ ṣáájú pé ẹ kò fẹ́ ọtí nínú ọkọ̀, kí ẹ sì gbé oúnjẹ ti ara yín dání.

Gánà rọrùn fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, nítorí pé ọ̀nà ilẹ̀ dé ibẹ̀ láti Èkó gba Kútọnu àti Lomé. Tema jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté túnà ńlá ní apá ibí yìí, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń dì í sínú agolo sì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ oníṣòwò ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ ìgbafẹ́. Síbẹ̀, ọmọdé tí ó bá rí bí a ṣe ń já túnà ní Tema kò tún ní fi ojú kékeré wo agolo mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìnyín, nítorí pé ibẹ̀ ni àìmọ̀ ti ń ṣe ìpalára. Bí túnà bá wà nínú oòrùn fún wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí ó kú, àwọn kòkòrò àìfojúrí yóò sọ nǹkan kan nínú ẹran rẹ̀ di májèlé tí à ń pè ní histamine. Ojú ẹni tí ó jẹ ẹ́ á pọ́n, ara á máa yún un, orí á fọ́ ọ, á sì máa bì. Èyí tí ó burú jù ni pé sísè kò pa májèlé náà, dídín kò pa á, yíyan kò pa á. Ìyá tí ó gbàgbọ́ pé ata àti iná ńlá ń tún gbogbo ẹja ṣe ní láti mọ èyí. Ní ojú ọjọ́ bíi tiwa, yìnyín gbọ́dọ̀ tó ìwọ̀n ẹja náà ó kéré tán: ẹja 60 kílò, yìnyín 60 kílò. Kí a pa á kíákíá, kí a ro ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí a yọ ìfun rẹ̀, kí a sì sin ín sínú yìnyín. Àwọn aláboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ túnà ńlá, pàápàá èyí tí ń jẹ́ bigeye, nítorí mákúrì tí ó ti kó jọ sínú ẹran rẹ̀.

Ìrun ńkọ́? Ọkọ̀ a máa ṣí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó sì lè má darí dé títí Alásàárì yóò fi wọlé. Ẹ ki Àsúbàá kí ẹ tó wọkọ̀. Àyè kíki Àílà àti Alásàárì pọ̀ tí Khalil mẹ́nu bà, arìnrìn-àjò orí ilẹ̀ ni ó fi í fún, nítorí náà kí ẹni tí ó wà lórí omi ki ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò rẹ̀, ní ìdúró bí ó bá lè dúró, ní ìjókòó bí ìgbì kò bá jẹ́ kí ó dúró. Kíbílà wà láàrin ìlà-oòrùn àti àríwá, ó sún mọ́ ìlà-oòrùn jù. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá gbé ìwọ̀ mì nígbà tí àkókò ìrun fẹ́ kọjá ńkọ́? Túnà ńlá lè bá ènìyàn jà fún wákàtí púpọ̀. Òfin International Game Fish Association, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1939, sì ni pé bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kan ọ̀pá ìwọ̀ nígbà ìjà, ẹja náà kò ní wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Ẹ gbé ọ̀pá náà fún ọmọ yín, kí ẹ kírun. Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn kò sí lára ohun tí Múńkárì àti Nákírì ń béèrè.

Àwọn kan yóò tún béèrè bóyá ẹja náà kò ń tán lọ. Àjọ ICCAT, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní ọdún 1966, ti fi òdiwọ̀n 110,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún sí yellowfin òkun Àtìláńtíìkì láti ọdún 2012, ìpẹja sì ti kọjá rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọ̀n ńlá àwọn oníṣòwò ni ó ń fa èyí, kì í ṣe bàbá àti ọmọ tí ó mú ọ̀pá ìwọ̀ kan. Síbẹ̀, ẹja kan tó fún wọn. Kí ni ẹni méjì fẹ́ fi 60 kílò ẹja kejì ṣe ní ìlú tí wọn kò ní firísà?

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan, ẹ kọ̀wé sí ọlọ́kọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọlọ́kọ̀ ni ó ni ẹja, tí àlejò kàn ń gba ègé díẹ̀. Kò burú, nítorí pé ẹja náà yóò di jíjẹ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìpín tiyín wà lákọsílẹ̀, kí ẹ sì ti wá ẹni tí yóò bá yín pín in fún àwọn aláìní tàbí fún àwọn mùsùlùmí tí ẹ bá ní mọ́sálásí ibẹ̀, nítorí pé ẹ kò ní lè gbé e wọ bàálù dé Ekenwan Road. Ẹ béèrè iye yìnyín tí ó ń gbé. Bí ó bá ní gbogbo túnà tí òun bá mú ni òun ń tú sílẹ̀, tàbí pé òun kì í gbé yìnyín rárá, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.