Awakọ̀ Àgbà, Akẹ́kọ̀ọ́ Nílùú Ọba

Nílé, ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ kì í tán lójú pópó. Ọlọ́pàá á béèrè pátíkúlà, VIO á béèrè ìwé tó fi hàn pé ọkọ̀ yẹ fún ìrìn, Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó á ní láísẹ́ǹsì ńkọ́. Bí ọ̀kan nínú ìwé wọ̀nyí bá ti kú, ẹnu ṣì wà láti fi bẹ̀bẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ dákun, ọ̀la ni mo fẹ́ lọ tún un ṣe."

Nílùú Ọba, èèyàn lè wakọ̀ títí kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ló ń sọ bóyá owó orí ọkọ̀ àti ìnṣọ́ránsì wà lórí rẹ̀. Lẹ́tà ìtanràn ni wọn á fi ránṣẹ́ sílé. Ta lèèyàn fẹ́ bẹ̀?

Ọkọ̀ rírà gan-an kò le. Nọ́ńbà rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tó ń tà á pe arúgbó ní ọmọdé: èyí tó bá ní 24 láàárín, kò sẹ́ni tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú oṣù kẹta ọdún 2024 rí. (Bí irú èyí bá wà ní ọjà ọkọ̀ Bẹ́gà, àwọn kan ì bá ti palẹ̀ ẹrù mọ́.) Àmọ́ lọ́gbúùkù tí DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, ń fi ránṣẹ́ láti Swansea máa ń ya ará ilé lẹ́nu. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gbàǹgbà pé kì í ṣe ẹ̀rí pé ìwọ lo ni ọkọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀ ló ń tọ́ka sí. Risíìtì owó ni kó o tọ́jú. Owó orí náà kì í bá ọkọ̀ lọ mọ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 2014. Bí ẹni tó tà á fún ọ bá tiẹ̀ san án sílẹ̀, ìwọ náà gbọ́dọ̀ san tìẹ kó o tó wà á kúrò níwájú ilé rẹ̀. Ní London, ọkọ̀ oní-díísù tó dàgbà ju oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 lọ sábà máa ń san £12.50 lójoojúmọ́ tó bá jáde, nítorí èéfín. Bí ẹ bá rí i lówó pọ́ọ́kú, ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Ìnṣọ́ránsì ló ń pa ojú àlejò dé. Láti ọdún 2023, ₦15,000 ni tádípátì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Nàìjíríà, ì báà jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní Mọ́kọ́lá tàbí bàbá arúgbó ní Ìkòyí. Níbí, wọ́n á béèrè ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti àdúgbò, wọ́n á tún béèrè pé ọdún mélòó lo ti fi láísẹ́ǹsì tiwọn wakọ̀ láìgba owó jàǹbá kankan. Ẹni tó ti ń yà fún tírélà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó láti ọdún pípẹ́ kò ní ohun tí yóò kọ síbẹ̀. Lójú wọn, àná ló dáyé.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn burúkú ti máa ń wọlé: "Fi orúkọ ẹ̀gbọ́n ṣe é, kí wọ́n kọ ìwọ sí igbákejì." Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ẹbí ni. Lọ́dọ̀ wọn, jìbìtì ni, bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, iléeṣẹ́ lè kọ̀ láti sanwó. Wíwakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì, £300 àti àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́fà ló sábà máa ń fà. Mẹ́fà yẹn náà ló ń gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó gbà á.

Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà kò sì ṣeé lò ju oṣù méjìlá lọ fún ẹni tó fìdí kalẹ̀ síbí. Ará South Africa àti Zimbabwe lè fi tiwọn pààrọ̀. Àwa kò sí lórí ìwé orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbà láyè bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ìlú tí ìdánwò rẹ̀ bá tó lójú wọn ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, gbogbo wa la sì mọ bí àwọn kan ṣe ń gba láísẹ́ǹsì nílé láìfọwọ́ kan ọkọ̀. Nítorí náà, àwa àgbà awakọ̀ á jókòó ti ìbéèrè àádọ́ta, a ó sì gba mẹ́tàlélógójì ó kéré tán, ká tó kan ìdánwò ojú títì.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ má dúró di oṣù kọkànlá. Ẹ béèrè láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́ ní kété tí ẹ bá ti ní àdírẹ́sì; kò dí yín lọ́wọ́ láti máa fi ti Nàìjíríà wakọ̀ títí ọdún kan yóò fi pé, àwọn tó ń tò fún ìdánwò sì pọ̀.