Ìtọ́kasí gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ Onímọ̀ Sẹ́ẹ̀lì: Àpẹẹrẹ Yoshinori Ohsumi

Ète wa nínú bébà yìí ni láti yẹ àṣà kan wò tí ó ti fìdí múlẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, èyíinì ni pé kí a máa ka iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn dárúkọ iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé kan nínú ìwé tiwọn, kí a sì fi iye náà díwọ̀n ọlá iṣẹ́ rẹ̀. Ìdárúkọ bẹ́ẹ̀ ni a pè ní ìtọ́kasí. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, irú ìṣirò yìí wà lára ohun tí a fi ń pinnu ẹni tí a ó gbà síṣẹ́ àti ẹni tí ó tọ́ sí ìgbéga.

Eugene Garfield, ará Amẹ́ríkà, ni ó dá àbá ìwé atọ́ka ìtọ́kasí fún sáyẹ́ǹsì ní 1955. Ní 1964 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé Science Citation Index jáde. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé kí olùwádìí lè tọpa èrò kan láti inú ìwé kan dé inú òmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe fún wíwá ìwé di ohun tí a fi ń wọn ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ohsumi, ọmọ ilẹ̀ Japan tí a bí ní 1945. Ẹni ọdún 43 ni nígbà tí ó dá yàrá ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀ ní Yunifásítì Tokyo ní 1988. Ìwúkàrà ni ó ń fi ṣe ìwádìí. Ó fi ebi pa ìwúkàrà tí kò ní àwọn èròjà tí ń da nǹkan, ó sì rí i pé àwọn nǹkan róbótó kéékèèké ń kóra jọ sínú àpò ńlá tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà. Sẹ́ẹ̀lì náà ń di díẹ̀ nínú ohun inú ara rẹ̀ bí ẹrù, ó sì ń gbé e lọ síbi tí yóò ti dà á, kí ó lè tún un lò. Christian de Duve ti sọ ìṣe yìí ní autophagy láti 1963, ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, kò sí ẹni tí ó mọ àwọn jíìnì tí ń darí rẹ̀. Ní 1993, Ohsumi àti Miki Tsukada tẹ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan jáde nínú FEBS Letters, wọ́n sì fi jíìnì 15 hàn tí ìṣe náà kò lè ṣẹlẹ̀ láìsí wọn.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ ìwúkàrà kàn nígbà náà kò pọ̀. Lẹ́yìn tí a rí ìbátan àwọn jíìnì wọ̀nyí nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, láti 1998 lọ, ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀. Ní 2016, Ohsumi nìkan gba Ẹ̀bùn Nobel.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí jù ni pé àpilẹ̀kọ 1993 yẹn kọ́ ni a tọ́ka sí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó jáde nínú EMBO Journal ní 2000 jù ú lọ dáadáa. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó kọ ọ́, Ohsumi sì wà lára wọn. Iṣẹ́ náà fi hàn bí a ti lè fi purotéènì kan, LC3, mọ ibi tí autophagy ti ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko. Gbogbo ẹni tí ó bá lo ọgbọ́n yìí ni yóò dárúkọ rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọkọ́ ni gbogbo àgbẹ̀ ń dárúkọ, kì í ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ la igbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Oliver Lowry: àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1951 lórí wíwọn purotéènì ti gba ìtọ́kasí tí ó ju 300,000 lọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì kà á sí iṣẹ́ ńlá.

Ìṣòro mìíràn ni ti ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé. Ìlànà ìwádìí autophagy tí a tẹ̀ ní 2016 ní òǹkọ̀wé tí ó ju 2,000 lọ, olúkúlùkù ni ó sì ń gba gbogbo iye ìtọ́kasí náà sí orúkọ ara rẹ̀. (Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú jọ́nà tí a ń kà. Bébà bí irú èyí, tí a fi Yorùbá kọ, kò lè wọ ìṣirò náà.)

Àwọn onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ figbe ta. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wọn ti Amẹ́ríkà ní San Francisco, ní December 2012, ni ìkéde kan ti bẹ̀rẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi òkìkí jọ́nà díwọ̀n ẹni tí ó kọ̀wé sínú rẹ̀, pé iṣẹ́ gan-an ni kí a yẹ̀ wò. Ojú-ìwé mẹ́fà péré ni àpilẹ̀kọ 1993. Ìgbìmọ̀ tí ó bá kà á ní 1994 ìbá bá jíìnì 15 náà níbẹ̀, nígbà tí ìwé atọ́ka kò tíì ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀.