Ta Ló Kọ́kọ́ Gbé Ìṣẹ́jú Sórí Tábìlì? Bí Ìtọ́jú Àrùn Rọpárọsẹ̀ Ṣe Di Ohun Ìsáré

Òde òkú kan ní Peckham, ní gúúsù London, ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan ń ṣàlàyé pé ayé ló ta ọ̀rẹ́ òun lọ́fà: ó ń wọ bàtà lọ́wọ́ ni apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀ jálẹ̀, tí ẹnu sì wọ́. Màmá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, gbé abọ́ ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀. Aago mélòó ló ṣẹlẹ̀? Aago mélòó ni wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn? Aago mélòó ni wọ́n gún un lábẹ́rẹ́? Bàbá kò mọ ọ̀kankan. Màmá wá yíjú sí akọ̀ròyìn yìí. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn dókítà pàápàá kì í bi ara wọn léèrè bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi iye ìṣẹ́jú wọn han ara wọn ni nǹkan yí padà.

Ìtàn oògùn inú abẹ́rẹ́ náà kò gùn. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn ní ìparí ọdún 1995 pé alteplase, oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, ń ṣiṣẹ́ tí aláìsàn bá gbà á láàárín wákàtí mẹ́ta tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí i ní 1996, ìwádìí ti Yúróòpù sì sún un dé wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ní 2008.

Ibi tó ti le ni pé oríṣi méjì ni àrùn rọpárọsẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ló dì tó sì dí iṣan ọpọlọ. Ti èkejì, iṣan ló bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà. Oògùn tó ń gba ti àkọ́kọ́ là lè pa ti èkejì, nítorí náà dókítà kò gbọ́dọ̀ gún abẹ́rẹ́ láìya àwòrán orí. Ibẹ̀ ni àkókò ti ń ṣòfò. Jeffrey Saver, dókítà ọpọlọ ní Los Angeles, sì ṣírò rẹ̀ ní 2006 pé ìṣẹ́jú kan péré ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ lọ.

Ta ló wá kọ́kọ́ ní kí ilé ìwòsàn tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i? Ìjà ń bẹ níbẹ̀. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì á ní Florence Nightingale ni. Ní 1863, ó gbé àkọsílẹ̀ ikú jáde, ó ní nínú ilé ìwòsàn 24 ní London, òkú 90.84 ló wà nínú aláìsàn ọgọ́rùn-ún. Àwọn dókítà fárígá, wọn kò sì jẹ̀bi tán: òkú ọdún kan odindi ni wọ́n pín sára àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn ará Boston kò gbà. Wọ́n ní Ernest Codman, oníṣẹ́ abẹ ní Massachusetts General Hospital, ló ni ín. Ohun tí Codman ń fẹ́ kò ju pé kí wọ́n tọ ipasẹ̀ gbogbo aláìsàn fún ọdún kan, kí wọ́n kọ ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e jáde. Àwọn ọ̀gá kò dá a lóhùn, ó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Ní oṣù Kìíní 1915, níbi ìpàdé àwọn dókítà, ó ṣí aṣọ lójú àwòrán ńlá kan: ògòǹgò ki orí bọ iyanrìn, ó ń yé ẹyin wúrà fún àwọn dókítà Boston. Ilé dàrú. Wọ́n gba ipò alága tó dì mú láàárín àwọn dókítà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ilé ìwòsàn kékeré tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, aláìsàn 337 ló gba ìtọ́jú láàárín 1911 sí 1916, àṣìṣe 123 ló sì kọ sílẹ̀ tó tẹ̀ jáde lórúkọ ara rẹ̀. Ó kú ní 1940, sàréè rẹ̀ kò sì ní òkúta kankan títí di 2014. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yọ ọ́ nípò náà ni wọ́n ń yangàn fún lónìí.

Àwa náà ní ẹjọ́ tiwa. Láti 1973 dé 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù nílùú Ìbàdàn, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Iye aláìsàn ni wọ́n kà, kì í ṣe iye ìṣẹ́jú. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀, ibo ló ti fẹ́ rí ìṣẹ́jú rẹ̀ kà?

Ìlú kan tó wá fi kíka ìṣẹ́jú sáré ni Helsinki, ní Finland. Ní 1998, ìṣẹ́jú 105 ló ń gbà wọ́n láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí abẹ́rẹ́. Wọ́n wo ìwé wọn, wọ́n ń yọ ìdádúró kọ̀ọ̀kan. Áńbúláǹsì ń tẹ dókítà láago kó tó dé. Wọn kì í gbé aláìsàn lọ sórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, ibùsùn kẹ̀kẹ́ tó bá dé náà ni wọ́n ń tì tààrà lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán orí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń gún un. Nígbà tó fi di 2011, ó ti di 20 ìṣẹ́jú. Ilé ìwòsàn kan ní Melbourne gba ọgbọ́n náà, láàárín oṣù mẹ́rin, ti ojúmọmọ lọ́dọ̀ wọn já sí 25.

Amẹ́ríkà ló wá sọ ọ́ di ti gbogbo ìlú. Ẹgbẹ́ American Heart Association bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn jọ ní 2003, bákan náà ni gbogbo wọn ń kà á, kí ìjà ti Nightingale má tún ṣẹlẹ̀. Ní 2010, wọ́n ní ó kéré tán kí ìdajì àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ gbà á kí wákàtí kan tó pé lẹ́yìn tí wọ́n dé ilé ìwòsàn. Olúkúlùkù ń rí ibi tóun wà lára àwọn yòókù. Àwọn tó ń gbà á láàárín wákàtí kan kúrò ní 26.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 41.3, àwọn tó ń kú sí ilé ìwòsàn wá sílẹ̀ láti 9.93 sí 8.25.

Ní London, wọ́n kó ìtọ́jú pàjáwìrì àrùn náà jọ sí ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní 2010, láti 2013 ni wọ́n sì ti ń fún àwọn ilé ìwòsàn England ní máàkì, láti A dé E. Ó kan àwọn tó wà lóde Peckham gidigidi: ìwé àkọsílẹ̀ tó ti wà ní gúúsù London láti 1995 fi hàn pé nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú òyìnbó ni àrùn yìí ń ká aláwọ̀ dúdú mọ́. Àwọn kan ń kùn nísinsìnyí pé máàkì ti fẹ́ gba ojú aláìsàn, pé aago ni nọ́ọ̀sì ń wò ju ẹni tó dùbúlẹ̀ lọ. Màmá náà gbà pé ó ń ṣẹlẹ̀, ó ṣì ní òun yóò yan aago.

Nílé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ghana ti fi hàn ní 2018 pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣáájú ohun tó ń fa àrùn náà. Títẹ́ ìṣẹ́jú ilé ìwòsàn síta ni kò tíì di àṣà. Ẹ̀rọ wọ́n, oògùn náà wọ́n, ṣùgbọ́n ìwé àti bíírò kò wọ́n. Aago mẹ́rin ni akọ̀wé ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì nílò láti kọ: ìgbà tí ara ẹni náà ṣì yá gbẹ̀yìn, ìgbà tó wọlé, ìgbà tí wọ́n ya àwòrán, ìgbà tí wọ́n gún un. Kí ilé ìwòsàn méjì ní ìlú kan náà máa ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé yẹn níparí oṣù, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.