Àgbàrá Òjò ní Pobè àti Sakété: Ohun Tó Yẹ Kí Onílé Mọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé àwọn ará àfonífojì Ouémé nìkan ló ni ọ̀rọ̀ omíyalé, pé kò kan àwa tí a wà lórí ilẹ̀ gíga. Lóòótọ́, odò Ouémé kò lè gun òkè wá bá wa. Láti agbègbè òkè Atacora ló ti ń ṣàn bọ̀. Ọjọ́ púpọ̀ ni ìkún rẹ̀ fi ń rìn kó tó dé Bonou àti Adjohoun, wọ́n sì máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ ṣáájú. Àgbàrá tiwa kì í ránṣẹ́. Òjò líle wákàtí kan tó.

Lọ́dún 2010, kọmúnù 55 nínú 77 tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ ni omi ṣe lọ́ṣẹ́. Ní Ìbàdàn, ìlú olókè bíi méje, òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 pa èèyàn tó lé ní 100.

Ilẹ̀ pupa wa máa ń fa omi mu dáadáa nígbà tí igi àti koríko bá bò ó. Níbi tí ẹsẹ̀ àti zẹ́mì bá ti tẹ̀ ẹ́ le, tí omi páànù sì ń dà sí, omi á kàn sáré lórí rẹ̀, á máa gbẹ́ kòtò lọ títí dé ìdí ilé. Ní Issaba àti ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, ọ̀tọ̀ ni tiwọn: ilẹ̀ dúdú á wú, omi á dúró, ọ̀nà oko á di ẹrẹ̀.

Ilé alámọ̀ ló ń kó wa lọ́kàn sókè jù. Òjò lè dá tán kí ògiri tó wó. Ìsàlẹ̀ ògiri tó ti mu omi á rọ̀, ó sì lè dúró di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí gbogbo ilé ti padà wọlé sùn. Ẹ wo ògiri yíká lẹ́yìn òjò ńlá. Bó bá sán, tó bá yọ ikùn, tàbí tí ilẹ̀kùn tí kì í há bá ń há lójijì, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sùn lọ́dọ̀ ẹbí. Kí òjò oṣù kẹta àti ti oṣù kẹsàn-án tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ pèpéle yí ìdí ògiri ká, kí ẹ sì kó ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà.

Omi tó ń sáré, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. 30 lè wọ́ ọkọ̀ kékeré lọ. Onízẹ́mì tó bá ní òun mọ ojú ọ̀nà lábẹ́ omi, ẹ jẹ́ kó dá lọ. Ẹ pa iná láti ojú mítà kí omi tó dé ibẹ̀. Bó bá ti dé ibẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe panápaná: 118.

Omi ṣáláńgá máa ń wọ kànga lẹ́yìn àgbàrá, nítorí náà ẹ se omi mímu kó hó. Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ olómi gbuuru, ó lè jẹ́ onígbáméjì: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 tó tẹ́jú àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì mọ́ lítà kan omi sísè tó ti tutù, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Bó bá bì í, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.