Ilé Ẹ̀kọ́ Ijó Húlà ní Hàwáì

Ní àárín òkun Pàsífíìkì, ní nǹkan bí 2,400 ibùsọ̀ sí etíkun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni àwọn erékùṣù Hàwáì wà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ní ijó kan tí a ń pè ní húlà. Òkìkí rẹ̀ kàn púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé ọmọbìnrin kan wọ yẹ̀rì koríko, ó sì ń mi ìdí. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ kò tí ì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ni ìpìlẹ̀ húlà. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn Òyìnbó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1778, àwọn ará Hàwáì kò ní ìwé kíkọ. Inú orin ni wọ́n ń pa ìtàn ìdílé àwọn ọba mọ́ sí, àti orúkọ òkè, ti afẹ́fẹ́ àti ti òjò. Nítorí pé òjò àdúgbò kan ní orúkọ tirẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti àdúgbò kejì. Bí orin bá dárúkọ ìgbì òkun, ọwọ́ oníjó yóò máa rú bí ìgbì. Bí ó bá dárúkọ òdòdó, orí àwọn ìka rẹ̀ yóò pàdé bí òdòdó tí kò tí ì là. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ kúrò, ó di jíju ọwọ́ lásán.

Nítorí náà ni a kì í ṣe ṣàdédé kọ́ ọ. Halau ni wọ́n ń pe ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kumu ni wọ́n ń pe olùkọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń lò fún ìdí igi. Orúkọ náà yẹ ẹ́. Ní ọ̀pọ̀ halau, ọmọ ẹ̀kọ́ kì í ṣe kí ó kàn wọlé. Wọn yóò tò sí ẹnu ọ̀nà, tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin, wọn yóò fi orin tọrọ àyè ní èdè Hàwáì, wọn yóò sì dúró títí olùkọ́ yóò fi fi orin dá wọn lóhùn láti inú ilé. Nígbà náà ni olùkọ́ yóò jókòó ti ipu rẹ̀, akèrègbè méjì tí a lẹ̀ mọ́ra, ọ̀kan lórí èkejì. Yóò máa fi í lu ilẹ̀, yóò máa fi ọwọ́ gbá a, yóò sì máa kọrin.

Ẹ má ṣe rò pé ohun tí ó ti wà láti ìgbà pípẹ́ kò lè parun. Ní ọdún 1820 àwọn míṣọ́nnárì dé láti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ka húlà sí ìwà àìmọ́. Ní 1830, Ayaba Kaʻahumanu, tí ó ti di onígbàgbọ́, kà á léèwọ̀ ní gbangba. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò jáwọ́. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ wọn. Ọba Kalākaua ni ó tún gbé e jáde: nígbà ìgbadé rẹ̀ ní 1883, ó ní kí wọ́n jó o ní gbangba, bí ó tilẹ̀ bí àwọn kan nínú. Ṣùgbọ́n ní 1893 a gba ìjọba lọ́wọ́ Liliʻuokalani, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1896 òfin dé pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni ní ilé ìwé. Lójú tèmi, òfin yìí pa húlà lára ju ti Kaʻahumanu lọ. A lè jó ijó tí a kà léèwọ̀ nínú yàrá; ṣùgbọ́n kí ni ọmọ tí kò gbọ́ èdè yóò máa fi ọwọ́ rẹ̀ wí?

Àwọn olùkọ́ díẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Hilo, Edith Kanakaʻole dá halau tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1953. Ó ń kọ́ni ní ijó, ó sì ń kọ́ni ní èdè. Ìlú yẹn kan náà ni ìdíje húlà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1971, níbi ọdún tí wọ́n fi ń rántí Kalākaua. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í díje níbẹ̀ ní 1976. Ní 1978, òfin ilẹ̀ náà sọ èdè Hàwáì di èdè ìjọba pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì.

Lónìí, halau wà ní Kalifóníà, ó sì wà ní Jàpáànù, níbi tí àwọn tí ń kọ́ húlà ti pọ̀ jọjọ. Inú àwọn àgbà kan dùn sí èyí, ẹ̀rù sì ń ba àwọn mìíràn pé ọwọ́ yóò ré òkun kọjá, ọ̀rọ̀ yóò sì kù sílé. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kánjú fi ìjuwọ́ han àlejò. Yóò kọ́kọ́ mú un ka ọ̀rọ̀ orin náà, yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, òkè wo ni, òjò wo ni, lẹ́yìn náà ni yóò tó ní kí ó gbé ọwọ́ sókè.